Awọ Mẹ́fà fún Yàrá Ìgbẹ̀bí

Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Wọn kò tì í. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Àbúrò mi pè mí lágogo méjì ọ̀sán, mo sì rò pé ẹkún ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ìlera ti dé ibùdó ìlera rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti àgádágodo nínú báàgì. Yàrá ìgbẹ̀bí ló fẹ́ tì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí omi kànga wọn ti di iyọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé omi wá sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà títí tó fi fún un di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Ohun tó fẹ́ bá níbẹ̀ ni ọgọ́ta lítà omi mímọ́ lóòjọ́, láti inú ọgbà ibùdó náà fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn aboyún máa lọ sí ìlú ńlá, wákàtí kan àtààbọ̀ lórí ọ̀nà tó lè mú obìnrin rọbí kó tó débẹ̀.

"Kí lo wá sọ fún un?" ni mo bi í.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wo nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Ṣé mo tún ní òmíràn ni?"

Ẹ̀rọ tí mò ń ṣe kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ife omi kan ló ń mú jáde lóòjọ́. Mo bínú pé ó fi ẹnu mi ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo tún ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, torí pé wọn kò tì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ fún Ọ̀gá nílé-ìwádìí wa. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Àtẹ́lẹwọ́ lo ní," ni wọ́n wí, "ògiri lo fẹ́ fi bò."

Mo mọ Ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti pa òwe, wọ́n ti gbà nìyẹn. Awọ pilásítíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó pátákó ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, ló máa ṣe é. Àtíkè dúdú tó kù nínú ìgò ni kí n lò, nítorí pé òmíràn kò ní dé títí oṣù mẹ́ta.

Àbúrò mi tún pè ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí òun lè rí nǹkan sọ bí alábẹ̀wò bá bi òun. Mo ní: omi kànga rẹ á gbóná, á máa gba ẹ̀gbẹ́ kan awọ kọjá. Omi tútù á máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Oru nìkan ni awọ máa jẹ́ kó kọjá, oru náà á di omi lọ́hùn-ún, iyọ̀ á jókòó síbi tó wà.

"Kí ló dé tí iyọ̀ kò fi ní bá a kọjá?"

"Torí pé awọ náà kì í mu omi. Ọjọ́ tó bá mu omi, iyọ̀ á bá a wọlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́."

"Kí ni kò ní jẹ́ kó mu ún?"

"Àtíkè dúdú. Èédú ni, tí wọ́n sọ di ọ̀pá oníhò tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ kò nípọn tó irun orí rẹ kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa kàn sọ fún un pé ẹ̀ ń fi èédú sẹ́ omi."

Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Àtíkè kórìíra kí wọ́n pín in níyà. A da á sínú oje pilásítíìkì, ó dì jọ bí àgùntàn tí òjò ká mọ́ ìta. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi tì í bọ inú ẹ̀rọ tó ń fi ohùn gbọ̀n ọ́n. Etí kì í gbọ́ ohùn náà, eyín ló ń gbọ́ ọ. Ìbomú gbé ojú mi wú. Nígbà tí mo máa fi parí, oje náà ti jọ̀lọ̀, kò sí kókó kan níbẹ̀.

Sípírítì tí a fi ń ṣan awọ ti tún gbówó lórí. Mo ra ìgò mẹ́rin dípò mẹ́fà.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Awọ ńlá àkọ́kọ́. Mo rò ó pé bí àtíkè díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù ú lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Awọ náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ihò abẹ́rẹ́ sì kún inú rẹ̀. Ọ̀gá gbé e sókè sí fèrèsé, wọ́n wò ó.

"Ìràwọ̀ mélòó lo fẹ́ kí n kà?"

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Afẹ́fẹ́ tutù jù, awọ kò gbọ́ràn. Mo lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ṣe é! Mo dín àtíkè kù sí ìdajì, awọ jáde ní àwọ̀ eérú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò kankan kò sí. Mo kán omi kan lé e lórí. Omi náà dúró róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo gbé awọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi yí kúrò, kò fi ibi tó dúró sí sílẹ̀ ní tútù rárá. Ara tù mí débi pé mo ṣe é nígbà mẹ́wàá kí n tó gbé e sílẹ̀.

Bàbá Afọgò wá wò ó. Àwọn ló ń fọ gbogbo ìgò àti àwo ilé-ìwádìí wa. Kò sí ìgò tó ti ọwọ́ wọn jáde tí o lè rí àbàwọ́n lára rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo omi tó ń yí kiri lórí awọ.

"Awọ tí kò bá omi ṣọ̀rẹ́," ni wọ́n wí, "kí ló wá fẹ́ fi omi ṣe?"

"Bàbá, òtítọ́ lẹ sọ."

"Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Èsì ni mò ń bèèrè."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Awọ mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Àbúrò mi pè. Ọkọ̀ omi kò wá láti ọjọ́ márùn-ún. Ìyá kan bí ìbejì lánàá, ó ní òun fi garawa kan ṣe gbogbo rẹ̀, láti orí fífọ ọwọ́ títí dé orí fífọ ilẹ̀.

"Ṣé ó ti ń lọ dáadáa?" ló bi mí.

"Ó ń lọ."

"Ṣé ó ń lọ, àbí ẹ̀ ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni?"

Mo ní méjèèjì ni.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mẹ́fà pé! Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú àwo pẹrẹsẹ tí mo fi tẹ́ ẹ, mo gbé àwọn awọ kúrò nínú àwo, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo náà lórí tábìlì kan náà kí wọ́n lè gbẹ. Lọ́la ni mò ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi láti wọn òrùlé. Mo sáré kọ bébà kan fún Bàbá Afọgò, mo fi lé orí tábìlì, mo ti ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ ti ń dúró.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òrùlé dára, ó kọjú sí oòrùn. A máa tẹ́ páìpù dúdú síbẹ̀, oòrùn á máa se omi. Yàrá ìgbẹ̀bí náà kéré, bẹ́ẹ̀dì méjì, aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n funfun iyọ̀ ti hù ní gbogbo igun.

Ìyàwó kafíńtà wá yẹ oyún rẹ̀ wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bí. Òkú ọmọ ló bí ní àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà ìlú ńlá ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ó wò mí tí mò ń na tépù kiri.

"Ẹ má bínú o, àǹtí. Ṣé wọn ò ní tì í kó tó kàn mí?"

Mo ní wọn ò ní tì í. Ọ̀nà ilé jìn gan-an lẹ́yìn ìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn ọsàn kọlù mí. Ọṣẹ tí a fi ń fọ àwo. Mo gbójú sókè: awọ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi péègì há wọn bí aṣọ ìlédìí ọmọ. Àwọn àwo tí mo fi tẹ́ wọn ṣì wà lórí tábìlì pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí wọn.

Awọ yìí lè fara da ooru. Ó lè fara da iyọ̀. Ọṣẹ nìkan ni kò lè fara dà, torí pé ọṣẹ ló ń bá omi àti ohun tó kórìíra omi parí ìjà. Mo kán omi lé ọ̀kan. Omi náà tẹ́ pẹẹ, ó wọlé.

Mo pariwo. Gbogbo èèyàn wà níbẹ̀, mo sì pariwo.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe fún mi yìí? Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n? Ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Ṣé ẹ ò lójú ni?"

Bàbá Afọgò ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù wọn, wọ́n yọ bébà tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin jáde, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ìwé ọwọ́ mi ni.

*Baba, e jowo e ba mi fo awo mefeefa to wa lori tabili. E fo won daadaa, ki idoti kankan ma ku. E seun.*

Àwo mẹ́fà, awọ mẹ́fà, lórí tábìlì kan náà. Láti oṣù kan ni Bàbá ti ń gbọ́ "awọ, awọ" lẹ́nu wa láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Kí ni kí wọ́n kà níbẹ̀?

"Awọ mẹ́fà ni mo rí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Awọ mẹ́fà ni mo fọ̀."

Wọ́n yíjú, wọ́n padà sí ibi ìfọ̀ǹkan wọn.

Ọ̀gá gba bébà náà, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Dúpẹ́ pé Bàbá kò kó awò ojú mi mọ́ ọn," ni wọ́n wí. "Kí o sì tún dúpẹ́ pé wọn kò fọ́ wọn, torí pé ohun tí o kọ síbẹ̀ gba ìyẹn náà." Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé yìí, tí ẹnikẹ́ni kì í kà, mo máa ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣèdánwò. Bàbá àgbàlagbà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo sáré kọ ìwé tí kò lámì kankan fún. Ojú tì mí. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kí tèmi já bọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ bá wọn níbi ìfọ̀ǹkan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ilẹ̀ tutù, omi wọ ìró mi.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo tún bú yín."

Wọ́n fọ ìgò ọwọ́ wọn tán, wọ́n gbé e dojú dé, wọ́n nu ọwọ́.

"Dìde, omi ọṣẹ lo kúnlẹ̀ sí," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo kọ ọ́, èmi ni mo kà á. Mo lè bèèrè, mi ò bèèrè. Mo rí i pé awọ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀, mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ló mọ̀. Èébú yẹn ni mi ò fẹ́."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ó tó. Ọṣẹ ló wọ inú rẹ̀, àbí?"

"Ọṣẹ ni."

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń lé ọṣẹ jáde kúrò nínú nǹkan. Gbé wọn wá."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ sunkún kí n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iyọ̀ wà nínú omijé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Méjì kò ṣeé gbà là. Kànìnkànìn ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n rí i pé dúdú ń ṣí kúrò lára àwọn méjì àkọ́kọ́, ni wọ́n bá ju kànìnkànìn sílẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ fọ mẹ́rin tó kù. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n lójú ni! Èmi ni mo ní wọn ò ní.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, sípírítì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, Bàbá á bu díẹ̀ nínú omi tó ṣàn kúrò lára awọ sínú ìgò kékeré, wọ́n á dé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọ́n á gbé e sókè.

"Ó ṣì ń hó. Ọṣẹ ṣì ń gbé ilé."

Ìgbà karùn-ún, ó hó. Ìgbà kẹfà, ó hó. Mo fẹ́ gbé awọ sínú ófùn lẹ́yìn ìkeje torí pé ìfòfó náà kò ju bíńtín lọ.

"Ìkánjú yìí lo fi kọ̀wé," ni Bàbá wí. Mo gbé e sílẹ̀.

Ìgbà kẹsàn-án, ìgò dákẹ́, omi inú rẹ̀ mọ́ lóló. A gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ófùn, iná kékeré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀kan: omi dúró róbótó.

Èkejì: ó dúró.

Ẹ̀kẹta: ó dúró.

Ẹ̀kẹrin: ó fẹ́ tẹ́, ó rò ó wò, ó dúró.

Bàbá Afọgò ní kí n fún àwọn láyè kí àwọn náà kán tiwọn. Wọ́n kán an, wọ́n ń wò ó bó ti ń yí lọ yí bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àtíkè tó kù máa tó awọ méjì bí a kò bá ṣàṣìṣe kankan. Ọ̀gá fúnra wọn ló wọ ìbọ̀wọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é, wọ́n ní bí a bá ba eléyìí jẹ́, ó kéré tán n kò ní rí ẹni tí n ó pariwo mọ́.

Méjèèjì jáde. Wọ́n tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà nínú àpótí, omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aago iyọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi òǹkà sọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi, ka omi kànga tí mo bù bọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi, òǹkà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Ó ka omi tó jáde lẹ́yìn awọ: mẹ́ta. Alábẹ̀wò ní kò gbọdọ̀ ju ogún lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mẹ́ta. Mo jẹun.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mẹ́rin. Mi ò jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Orí mi fò lọ. Mo pa pọ́ǹpù, mo tú ìdajì bóòtù àpótí náà, mo ń gbàdúrà, mo ń bú ara mi. Bàbá Afọgò, tí kò yẹ kí wọ́n wá síbi iṣẹ́ lónìí, dúró tì mí.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Bàbá, ṣé oúnjẹ la ń sọ?"

"Mo bèèrè ni."

"Ẹ̀pà."

"Oníyọ̀?"

Oníyọ̀ ni. A kì í jẹun nínú ilé-ìwádìí, ìta ni mo ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo ti ìka bọ omi inú ife láti tọ́ ọ wò, ife yẹn kan náà ni mo sì gbé aago iyọ̀ sí.

A da omi inú ife nù, a gba òmíràn. Mẹ́rin. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní aago náà kò purọ́, ó kàn sọ ohun tí mo jẹ ni. Mo fọ ọwọ́ mi. Pẹ̀lú ọṣẹ.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

A ti dé. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé wa, awakọ̀ ń bú gbogbo kòtò ní orúkọ rẹ̀. Bàbá Afọgò gbé àpótí awọ sórí itan láti ilé-ìwádìí títí dé ibùdó ìlera, wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Àbúrò mi gbá mi mọ́ra. Ó ti rù. Mo sọ fún un, ó ní kí n wo ara mi nínú dígí.

Kafíńtà ti kan ìdúró àpótí sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lábẹ́ òjìji, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìkùukùu láti àárọ̀. Páìpù kò gbóná, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Lítà méjìdínlógójì. Ó mọ́, òǹkà rẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n méjìdínlógójì kì í ṣe ọgọ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìkùukùu. Lítà mọ́kànlélógójì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ọ̀run jẹ níyà. Awọ ṣe tirẹ̀. Mi ò lè fi àtíkè dúdú ra oòrùn.

Kafíńtà wá dúró tì mí. Ó bi mí bóyá ooru inú páìpù ló ń sá lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.

"Kí ló dé tí ẹ ò dé e?"

Mo wò ó. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kó gíláàsì fèrèsé àtijọ́ mẹ́jọ dé, èyí tí àwọn oníbàárà ti pààrọ̀. Eruku àti ọ̀dà kún ara wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀, Bàbá Afọgò ti ká apá ẹ̀wù wọn sókè.

"Èyí ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé ó ṣeé fi ọṣẹ fọ̀?"

"Bàbá, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan àbúrò mi tí kò mọ ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí. Ṣáájú ìrọ̀lẹ́, gíláàsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti wà lórí páìpù, wọ́n mọ́ débi pé ẹyẹ kan forí sọ ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Oòrùn díẹ̀, ìkùukùu díẹ̀. Mi ò fẹ́ wo kẹ́ẹ̀gì tí omi ń ṣàn sí. Mo lọ gbá ọgbà. Mo lọ ka ìwé oògùn tó wà lára ògiri. Lágogo mẹ́rin, àbúrò mi yọ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá, ó ń kún dànù."

Lítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Òǹkà: mẹ́rin. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú mi dùn, ó sì rẹ̀ mí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyàwó kafíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láago méje àárọ̀. Alábẹ̀wò dé láago mẹ́sàn-án.

Kò kí wa pẹ́. Ó ní aago iyọ̀ tirẹ̀ nínú báàgì, kò gba tèmi gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó ṣe. Ó gba omi láti ẹnu páìpù gan-an sínú ife tó gbé wá láti ilé. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó ka àmì lítà lára wọn níkọ̀ọ̀kan. A ń gbọ́ ìyàwó kafíńtà láti inú yàrá, àbúrò mi ń jáde ń wọlé, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Iyọ̀ kànga yìí, ibo ló ń lọ?" ni alábẹ̀wò bi mí.

"Ó jókòó sí ẹ̀yìn awọ, mà."

"Bí awọ bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Òǹkà á kọ́kọ́ sọ. Àbúrò mi á máa kà á láràárọ̀. A máa ṣe mẹ́fà mìíràn sílẹ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ àgádágodo jáde. Ó gbé e sórí tábìlì, ó tún ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ń wá bírò.

Ó buwọ́ lùwé. Ó ní òun máa padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó ṣe dé ẹnu géètì ni ọmọ ké nínú yàrá. Ó dúró, kò yíjú padà, ó mi orí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin ni. Òun àti ìyá rẹ̀ wà láyọ̀, kafíńtà sì ti ń fi ọwọ́ wọn gígùn rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kan ìjókòó fún un.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ìyá àti ọmọ lọ sí yàrá kejì. Mò ń di irinṣẹ́ mi nígbà tí mo gbọ́ omi tó dà ṣàà. Mo sáré wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Àbúrò mi dúró láàárín ilẹ̀ pẹ̀lú garawa òfìfo lọ́wọ́. Odindi ogún lítà ló ti dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi náà ń lu ògiri, ó ń gbé funfun iyọ̀ kúrò ní gbogbo igun.

"Kí lò ń ṣe?" mo pariwo. "Ogún lítà nìyẹn! Ṣé o mọ ohun tí ogún lítà ná mi?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò wò mí. Ó ti gbé garawa kejì. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọn omi lé obìnrin lọ́wọ́ bí oògùn. Ẹ jẹ́ kí n lo omi bí omi lónìí."

Ó dà á. Bàbá Afọgò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ bàtà mi, mo ká ìró sókè, mo sì wọlé bá wọn.